Ẹ Gbà Mí Lọ́wọ́ Ẹsẹ̀ Mi!

Kí ẹ tó bi mí pé irú obìnrin wo ló ń dúró kọ̀wé ní aago méjì òru, ẹ wo ibi tí mo wà ná. Kíṣìnnì ni mo wà. Mo tẹ́ ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá àkọ́bí mi sórí fíríìjì, bírò rẹ̀ ni mo fi ń kọ̀wé, ẹ̀yìn ìwé ọ̀hún ni mo ń kọ ọ́ sí torí pé A B D ti kún iwájú. Ẹsẹ̀ ọ̀tún mi ń gun òsì, òsì ń gun ọ̀tún, oyún oṣù méje ń ti ilẹ̀kùn fíríìjì, iná ọba ti lọ láti ìrọ̀lẹ́, tọ́ọ̀ṣì fóònù ni mo gbé ti ìgò epo pupa kí n lè ríran, bẹ́ẹ̀ ẹnì kan wà nínú yàrá tó ń hanrun bí ẹni ń rẹ́ pákó. Ẹni yẹn ló ni oyún. Ó dáa, àwa méjèèjì la jọ ni ín. Àmọ́ nígbà tí wọ́n ń pín ìyà rẹ̀, èmi nìkan ni mo wà nílé.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbà mí lọ́wọ́ ẹsẹ̀ mi!

Lọ́sàn-án, kò sí ohun tó ṣe ẹsẹ̀ yìí. Mo lè dúró ní ọjà Bódìjà kí n máa ná ata rodo títí aláta á fi bẹ̀rẹ̀ sí í wò mí bí ajẹgbèsè, ẹsẹ̀ á dákẹ́ jẹ́ẹ́ bí ọmọ tó fẹ́ tọrọ owó. Kí n wá jókòó! Kí n kàn ní ó rẹ̀ mí, kí n na ẹsẹ̀ lé àpótí bí aláboyún tó níyì, mi ò ní tíì mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tí nǹkan ọ̀hún á fi dé. Inú ojúgun ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe orí awọ, kì í ṣe inú ẹran, inú lọ́hùn-ún ni, níbi tí èékánná ò lè dé, bí ẹni pé ìjàlọ ń kó ẹrù lọ sílé tuntun tí gbogbo wọn sì ní inú egungun mi ni ọ̀nà àbùjá. Kò dùn mí. Kò yún mi. Kò ro mí. Ẹ ò rí ayé bí! Wọn ò tiẹ̀ fún mi ní ọ̀rọ̀ tí mo lè fi fẹjọ́ sùn. Ohun tí mo kàn mọ̀ ni pé bí mi ò bá gbé ẹsẹ̀ yẹn kúrò níbi tó wà, màá lọgun. Mo gbé e, ó lọ. Mo dá a padà, ó dé. Mo gbọ̀n ọ́n, ó rọlẹ̀. Mo ní mo fẹ́ sùn báyìí, háà, ta ló rán mi níṣẹ́!

Láti kékeré ni mo ti máa ń ṣe àmín sí i pé ẹsẹ̀ mi á gbé mi dé ibi ire. Wọn ò sọ fún mi pé aago kan òru ló máa fẹ́ ká jọ gbéra.

Ti alábàágbé wa ni kí ẹ kọ́kọ́ bá mi dá sí. Mo sọ fún un, ó ní, “Pajápajá ni.” Mo ní kì í ṣe pajápajá. Ó ní pajápajá ni, òun náà ní in nígbà tí òun lóyún àkọ́bí òun. Èmi mọ pajápajá! Pajápajá á dé lójijì, á fún iṣan ẹsẹ̀ bí ẹni ń fún aṣọ, èèyàn á pariwo Jésù, wọ́n á fa àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, wọ́n á tẹ̀ ẹ́, ó tán, ó di ọjọ́ mìíràn. Aláìsàn pajápajá a máa ní ẹlẹ́rìí. Ti èmi yìí kì í fún nǹkan kan, kì í wú, kì í pupa, kò sí ohun tí mo lè nà síta kí ẹnikẹ́ni wò kó ní “ẹ pẹ̀lẹ́ o”. Ó kàn fẹ́ ká máa lọ ni. Sí ibo? Kò sọ.

Ìyá ọkọ mi ní, “Ìyàwó mi, ṣé o ò rìn lọ́sàn-án gangan?” Mo ní, “Màmá, mo rìn o, ọjà ni mo lọ.” Wọ́n mi orí. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ kọ́ létí ìró mi. Obìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ní ẹnì kan ló ń pe orúkọ ẹsẹ̀ mi lójú oorun, bíi pé ẹsẹ̀ mi ń jẹ́ orúkọ tó yàtọ̀ sí tèmi. Ọkùnrin tó ń lẹ táyà ní ìkóríta wa, tí mi ò bi, ní agbábọ́ọ̀lù ni mo máa bí. Bẹ́ẹ̀ ọmọ inú mi kì í tilẹ̀ ta ju bó ṣe yẹ lọ, jẹ́jẹ́ ló jókòó síbẹ̀, èmi ni mò ń gbá bọ́ọ̀lù ká!

Olówó orí mi ńkọ́? Ó ń sọ ọ́ kiri láàárín àwọn ẹbí rẹ̀ pé mò ń gbá òun nípàá lójú oorun. Kì í ṣe irọ́ o. Àmọ́ ẹni tó gbọ́ ọ á rò pé mo mọ̀-ọ́n-mọ̀ ni. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó kó pílò mẹ́ta sáàárín wa bíi Balógun Ìbíkúnlé tó ń mọ odi yí Ìbàdàn ká, ó wá dùbúlẹ̀ sí ẹ̀yìn odi, ó ní, “Má bínú o, ọ̀la mo ní ìpàdé.” Ìpàdé! Èmi ńkọ́? Èmi náà ní ìpàdé, àárín èmi àti ojúgun mi, aago méjìlá sí mẹ́rin, lójoojúmọ́, kò sì sẹ́ni tó ń gbé ìpápánu wá.

Mo wá ní kí n máa bọ́ síta, kí n máa rìn yípo kọ́ńpáǹdù kí ilé lè sùn. Àbí kò bọ́gbọ́n mu? Ọjọ́ kejì péré ni ọlọ́dẹ àdúgbò tan tọ́ọ̀ṣì sí mi lójú.

“Ta nìyẹn?”

“Èmi ni.”

“Ìwọ ta ni?”

“Aboyún ilé kejì ni, Bàbá.”

“Ṣé o ti ń rọbí ni?”

“Rárá o, sà. Ẹsẹ̀ mi ni kò jẹ́ kí n sùn.”

Bàbá dákẹ́. Wọ́n wo ẹsẹ̀ mi. Wọ́n wo ojú mi. Wọ́n wo ẹsẹ̀ mi lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n sì tẹ̀ síwájú láìsọ nǹkan kan, àmọ́ nígbà tó fi máa di aago mẹ́jọ àárọ̀, ìyá ẹlẹ́kọ ti ń fún mi ní ṣéńjì láìfọwọ́ kàn mí. Ẹ bá mi gbé e yẹ̀ wò: aboyún tó ń yí ilé po lẹ́ẹ̀meje lóru, tó ń sọ̀rọ̀ sí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Bó bá jẹ́ èmi ni mo rí i, èmi náà á gbé ṣéńjì ka tábìlì.

Mo ti fara da gbogbo ìyẹn. Ti ọ̀dọ̀ onídìrí ló já mi lọ́kàn.

Mo fẹ́ dirun kékeré kí n má bàa máa ṣe wàhálà orí nígbà tí mo bá bímọ. Onídìrí ní wákàtí mẹ́ta. Mo jókòó sórí àpótí kékeré yẹn, èyí tó máa ń mú orúnkún èèyàn sún mọ́ etí rẹ̀. Ìṣẹ́jú ogún àkọ́kọ́, mo ń rẹ́rìn-ín. Ó di nǹkan bí aago márùn-ún, ìjàlọ dìde. Mo fi ẹsẹ̀ gbá ilẹ̀. Mo ká a. Mo nà án. Mo tún ká a, mo gbá ike omi gbígbóná, ọmọṣẹ́ fò sókè, òòyà bọ́, onídìrí di orí mi mú bí ẹni di etí ewúrẹ́ mú, ó ní, “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró jẹ́ẹ́ o, ìlà yín ti ń wọ́ lọ sápá ọ̀tún.” Mo ní mo fẹ́ dìde díẹ̀. Ó ní irun ò ṣeé dì lórí ìdúró. Mo ní kó gbìyànjú. Ó gun àpótí, ó ń dì í. Ẹsẹ̀ ní ìdúró lásán ò tó, à fi ká máa rìn. Mo ń tẹ ẹsẹ̀ lójú kan, ó ń tẹ̀ lé mi, ọmọṣẹ́ rẹ̀ ń gbé irun atọwọ́dá tẹ̀ lé wa, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń jó nínú ṣọ́ọ̀bù bí ẹni ń sin ìyàwó, oníbàárà tó kù ní a lè bọ́ síta ká lọ gba owó níná lọ́wọ́ ará ọjà. Mo ní kí n fi ìṣẹ́jú márùn-ún rìn dé ìkóríta kí n padà wá. Báyìí ni mo ṣe rìn gba àárín àdúgbò wa tí apá kan orí mi ti dì, tí apá kejì dúró gbangba bí ìyẹ́ adìẹ tí òjò pa, tí ọkùnrin alátáyà yẹn sì nahùn láti òdìkejì títì pé, “Ìyá bọ́ọ̀lù!”

Ẹ má sọ fún mi pé kì í ṣe àdìtẹ̀.

Mo ti gbàgbé ti ọkọ̀ Micra. Mo wọ̀ ọ́ láti Bódìjà lọ sí Dùgbẹ̀, àwa mẹ́rin la wà lẹ́yìn, gósílóò dé, ẹsẹ̀ mi kọ lu ìjókòó dírẹ́bà lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Dírẹ́bà ò wẹ̀yìn. Ó ní, “Màmá, ẹ má bá mi tẹ bíréèkì láti ẹ̀yìn o.”

Ẹ ò bi mí pé ṣé mi ò lọ síléèwòsàn. Mo lọ! Ní kíníìkì aboyún, bẹ́ǹṣì ni a máa ń jókòó lé láti aago méje, a ó kọrin, a ó gbọ́ ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀fọ́, a ó tún jókòó. Mo dìde. Ọmọbìnrin kan tó wọ funfun ní, “Ìyá, ẹ jókòó, kì í ṣe ẹ̀yin lẹ ń kọ́ wa.” Mo jókòó. Mo tún dìde. Ó ní àbí ilé ìtọ̀ ni mo fẹ́ lọ. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, kí n lè ráyè rìn débẹ̀. Nígbà tó kàn mí, dókítà ò gbójú sókè, ó ní oyún ni, ó máa lọ. Kí ni kì í ṣe oyún? Bí òrùlé bá jábọ́ lù mí báyìí, wọ́n á ní oyún ni.

Nọ́ọ̀sì àgbà kan, tó kù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì, ló gbọ́ mi lẹ́nu ọ̀nà. Ohùn rẹ̀ kò yá. Ìbéèrè mẹ́rin péré ló bi mí. Ṣé ó máa ń ṣe mí bíi kí n gbé ẹsẹ̀ ni? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ṣé ìgbà tí mo bá ń sinmi ló ń dé? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé bí mo bá rìn, ó ń rọ̀? Ṣé alẹ́ ló le jù? Ojú mi ti kún fún omi. Àfi bíi pé ó ti ń gbé nínú ojúgun mi tipẹ́! Ó ní, “Ó ní orúkọ, ìyá. Restless legs ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe ẹ̀yin nìkan.”

Mo délé, mo tan fóònù, mo wá a. Ẹ fọwọ́ kan àyà yín. Dókítà ará Gẹ̀ẹ́sì kan, Thomas Willis, ti kọ̀wé nípa rẹ̀ lọ́dún 1672. 1672! Àwọn jagunjagun ò tíì wá tẹ Ìbàdàn yìí dó nígbà yẹn! Dókítà ará Sweden kan, Ekbom, ló wá sọ ọ́ ní orúkọ tí nọ́ọ̀sì pè yẹn lọ́dún 1945. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti mọ̀ láti ayé àwọn ọba àtijọ́, alábàágbé wa ní pajápajá ni! Wọ́n tún kọ ọ́ síbẹ̀ pé nínú aboyún márùn-ún, ó máa ń mú tó ẹnì kan, oṣù mẹ́ta ìgbẹ̀yìn ló sì máa ń le jù. Nígbà tí mo padà sí kíníìkì, mo ka bẹ́ǹṣì wa. Àwa márùn-ún la jókòó. Ẹnì kan ń jẹ ẹ̀pà, ẹnì kan ń tòògbé, àwọn méjì ń sọ̀rọ̀ aṣọ ẹbí. Mo ti rí ẹnì kan náà.

Nọ́ọ̀sì àgbà ní kí wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ mi. PCV, ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ mi, jáde, 29. Ó ní áyọ́ọ̀nù ni kò tó. Ọmọ inú ń kó o pamọ́ fún ara rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tèmi náà ń pọ̀ sí i ó sì ń béèrè tirẹ̀, ọpọlọ pẹ̀lú ń fẹ́ ẹ láti fi ṣe dopamine, èròjà tó ń bá wa darí bí ara ṣe ń mira, bí ọpọlọ ò bá wá rí i tó, ẹsẹ̀ á di ti ara rẹ̀. Ó ní PCV tiẹ̀ lè dára lójú ìwé kí àká tí ara ń kó áyọ́ọ̀nù sí ti gbẹ, nítorí náà kí n ṣe àyẹ̀wò kan tí wọ́n ń pè ní ferritin. Mo gbọ́ iye rẹ̀, mo jókòó. Ẹsẹ̀ ní kí n dìde.

Ọmọ inú mi! Ọmọ tí mo ń pè ní jẹ́jẹ́! Ọmọ tó ń ṣe bí ẹni mímọ́ nínú ikùn, abẹ́lẹ̀ ló ti ń kó áyọ́ọ̀nù ìyá rẹ̀!

Ẹ jẹ́ kí n tẹ̀ síwájú, ó ṣì kù. Nọ́ọ̀sì ní báwo ni mo ṣe ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ mi. Mo fi ìyangàn sọ fún un pé mi ò fo ọjọ́ kan rí, tíì gbígbóná ni mo fi ń gbé e mì ní àràárọ̀. Ó gbá orí ara rẹ̀. Ó ní tíì kì í jẹ́ kí áyọ́ọ̀nù wọ ara dáadáa, ọsàn ló yẹ kí n fi lò ó. Oṣù mẹ́ta gbáko! Mo ń sanwó áyọ́ọ̀nù, tíì dúró lẹ́nu ọ̀nà bí adènà ilé olówó, ó ń dá a padà! Ó ní ṣé mo ti ń rún yìnyín lẹ́nu. Mo ní ta ló sọ fún un? Áìsì bílọ́ọ̀kù ni mo máa ń rán ọmọ lọ rà, kí n máa rún un títí eyín á fi ro mí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní àìtó áyọ́ọ̀nù náà a máa fa ìyẹn. Ó ní ṣé mo ti lo nǹkan láti sùn. Mo jẹ́wọ́. Kẹ́mísì kan ti fún mi ní oògùn kátà tó ń kunni lóorun, ẹsẹ̀ mi lóru ọjọ́ yẹn ò yàtọ̀ sí ọwọ́ àwọn onílù. Ó ní irú oògùn bẹ́ẹ̀ gan-an a máa mú un le sí i, kí n má sì tún gba oògùn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé dókítà mọ̀ sí i.

Ó wá ní, “Ṣé ẹ máa ń jẹ obì?”

Ẹ̀yin èèyàn mi.

Obì tí ìyá ọkọ mi ń gbé wá! Láti oṣù kejì ni wọ́n ti ń kó o wá nínú ewé, wọ́n ní ó dára fún èébì, wọ́n á là á fúnra wọn, wọ́n á fi àwẹ́ kan lé mi lọ́wọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n á ní, “Ìyàwó mi, tọ́jú àwẹ́ kan de ìgbà tí o bá fẹ́ sùn.” Ìgbà tí mo bá fẹ́ sùn! Káfíìnì kún inú obì, bó ṣe wà nínú kọfí àti tíì, nọ́ọ̀sì sì ní ó lè máa ru ẹsẹ̀ sókè lálẹ́. Obì tí wọ́n ní ó ń bi ikú, tó ń bi àrùn, èmi ló wá bì lulẹ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì dé kíṣìnnì. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ fún ìyá ọkọ mi, ẹ gbà mí nímọ̀ràn? Kí n ní, “Màmá, obì yín ló ń jó lẹ́sẹ̀ mi”? Mo ń gbà á, mò ń dúpẹ́, mo sì ń tọ́jú rẹ̀ sínú ago lẹ́yìn fíríìjì yìí. Ó ti kún. Mo ń wò ó báyìí.

Mi ò ní purọ́, ó ti dín díẹ̀ láti ìgbà tí mo ti ń fi ọsàn lo oògùn. Mò ń rìn yípo ilé kí oòrùn tó wọ̀, ní ojú gbogbo ayé, kí ọlọ́dẹ lè rí mi. Mò ń fi ọwọ́ ti ògiri na ẹ̀yìn ojúgun. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ń ràn án lọ́wọ́. Mo ṣàkíyèsí pé bí mo bá ń ta ayò pẹ̀lú àkọ́bí mi, ẹsẹ̀ a máa gbàgbé ara rẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí mo bá ń pàdánù. Nọ́ọ̀sì tún ní kí olówó orí mi máa fi òrí ra ẹsẹ̀ fún mi. Ó gbà. Ó ṣe é. Ó rọra bẹ̀rẹ̀ láti kókósẹ̀, ó ń bọ̀ sókè, ọwọ́ rẹ̀ tutù, òrí ń rùn dídùn, èmi náà ti ń pajú dé, mo ń ṣàdúrà fún un, mo ń sọ pé irú ọkùnrin yìí ṣọ̀wọ́n, ni mo bá gbọ́ ìhanrun. Ó ti sùn sórí ojúgun mi. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn orúnkún mi, ó wúwo bí ọlọ, mi ò lè gbé ẹsẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìjàlọ ti dé!

Ohun tí nọ́ọ̀sì fi ṣe ìdágbére fún mi ni pé kí n má ṣèyọnu, bí mo bá ti bímọ, lọ́pọ̀ ìgbà ó máa ń lọ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ gbọ́ ọ o. Bí mo bá ti bímọ! Ẹsẹ̀ á gbà kí n sùn ní ọjọ́ tí ọmọ bá ti jáde tó sì ní òun ò gbà. Wọ́n ti jọ ṣe ìpàdé. Ọ̀kan á gba iṣẹ́ alẹ́ lọ́wọ́ èkejì.

Iná ti dé. Fíríìjì gbọ̀n lábẹ́ ọwọ́ mi, ìwé fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́. Ìhanrun dáwọ́ dúró. Bàtà sílípáàsì ń bọ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, olówó orí mi yọjú, ó ń fi ọwọ́ nu ojú, ó ní òùngbẹ ń gbẹ òun. Mo sún kúrò lẹ́nu fíríìjì. Ó mu omi. Ó wo ìwé, ó wo bírò, ó wo bí mo ṣe ń tẹ ẹsẹ̀ lójú kan.

Ó ní, “Kí ló dé tí o ò jókòó kọ ọ́?”